Orí Kẹfà: Kí Ẹ Tó Sanwó Àfikún Géèmù Oníbọn

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo bá ọmọkùnrin kan pàdé ní òpópónà Ọ̀tìgbá, nínú Computer Village n'Ìkẹjà. Aṣọ ilé iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìyẹ̀fun sì ti kun bàtà onírin tó wọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Shift òru ló ti ń bọ̀, kò tíì délé sùn. Ó ń ná gift card PlayStation lọ́wọ́ ọmọ kan tó gbé tábìlì kékeré síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ọlọ́jà ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ tí a bá ní ká wò ó dáadáa, ọlọ́jà ni yóò ṣàgbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rò ó mọ́. Àfikún yẹn ni gbogbo ayé ń gbá báyìí. Tí ẹ bá fi máa padà wá lọ́la, owó ẹ̀ á ti lé."

Ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi. Mo ní, "Àbúrò, má bínú o. Ṣé sídì géèmù yẹn wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà nínú báàgì, sà."

Ó yọ ọ́, mo gbà á, mo yẹ páálí rẹ̀ wò. Níwájú, nísàlẹ̀, nọ́ńbà 18 wà nínú àpótí pupa, wọ́n kọ PEGI sí i lára. Sídì Yúróòpù ni. Gift card tí ọlọ́jà mú dání, ti Amẹ́ríkà ni. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn méjèèjì ò lè bára wọn gbé. Ó dá owó padà sápò, ọlọ́jà sì wò mí bí ẹni tó gba àkàrà lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí mo gba ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra PS4 àlòkù. Mo fi àkáǹtì Amẹ́ríkà ra àfikún fún sídì tí wọ́n kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Owó lọ, àfikún wọlé sínú ẹ̀rọ, ó gba àyè bí àlejò tó gbé ẹrù wá, ṣùgbọ́n géèmù kò dá a mọ̀ títí di òní. Nígbà tí mo padà tọ ẹni tó ta sídì fún mi lọ, ó ní iṣẹ́ tòun ni kí sídì ṣí, ó sì ṣí.

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ àdúgbò wa, láti Ọ̀gbà dé Pen Cinema, ń bi mí jù nípa géèmù ni pé ṣé àfikún báyìí-báyìí tó rà. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn kúkúrú, òun nìyí: lọ́jọ́ tó bá jáde, kò tó rà. Lẹ́yìn ọdún kan, ó lè tó. Bó bá jẹ́ pápá ìjà nìkan ni wọ́n ń tà, níbi tí ẹ ti ń yìnbọn síra yín tí kò sí ìtàn kankan níbẹ̀, ẹ má rà á rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí, kó jókòó.

Ohun tí mò ń pè ní àfikún ni èyí tí òyìnbó ń pè ní expansion pack, tí àwọn ọmọ wa kàn ń pè ní DLC. Géèmù ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀; ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá fi ìtàn tuntun, ilẹ̀ tuntun, ìbọn tuntun àti ọ̀tá tuntun kún un, ó sì bu iye lé e lọ́tọ̀. Kò lè dá dúró. Ẹni tí kò bá ní ìyá kò lè gbé ọmọ. Ti géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tún wá le jùyẹn lọ, torí pé ìyá fúnra rẹ̀ kò sí nílé wa. Orí sáfà ilé iṣẹ́ ló ń gbé, lókè òkun, ibẹ̀ ni a sì ti ń lọ kí i.

Iye tó jẹ́ lójú náírà

Destiny 2 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí pé n kò mọ géèmù oníbọn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ta àfikún tó o. Bungie, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù September 2017. Láti ọjọ́ 1 oṣù October 2019, wọ́n sọ ìyá di ọ̀fẹ́, wọ́n wá jókòó ti títa àwọn ọmọ. Ibi tí owó wà nìyẹn.

Àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Lightfall jáde ní ọjọ́ 28 oṣù February 2023. Dọ́là 49.99 ni. Lọ́jọ́ yẹn, dọ́là kan kò tíì ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní owó ìjọba, nítorí náà bí 23,000 náírà ni, fún ẹni tó bá rí dọ́là rà ní iye yẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù June ọdún kan náà, Báńkì Àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀. Àfikún tó tẹ̀lé e, The Final Shape, jáde ní ọjọ́ 4 oṣù June 2024. Dọ́là 49.99 náà ni, wọn kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ṣùgbọ́n dọ́là ti tó bí 1,480 náírà, àfikún sì ti di bí 74,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin lọ́jọ́ náà, 30,000 náírà ni. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di 70,000 ní ìparí oṣù July, òṣìṣẹ́ tó bá kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì lè ra àfikún kan ṣoṣo, kó tó jẹun, kó tó wọ kòrópe.

Mo ń sọ èyí torí pé àwọn tó ń kọ̀wé nípa géèmù lókè òkun máa ń sọ pé àfikún kan "kò wọ́n jù," pé owó oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ kan ní ilé oúnjẹ ni. Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tiwọn nìyẹn. Tiwa ni búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà.

Sísan owó náà tún jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín iye tí káàdì náírà lè ná sí òkè òkun kù sí ogún dọ́là lóṣù, kí ọdún tó parí, púpọ̀ nínú wọn ti tì í pa pátápátá. Àfi ní 2025 kí àwọn kan tó tún ṣí i padà. Láàárín ìgbà yẹn ni gift card di ọjà ńlá l'Ọ̀tìgbá. Bí káàdì báńkì yín bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lò ó. Ẹni tó ń ta gift card máa ń jẹ èrè tirẹ̀ lórí rẹ̀, ìyẹn bó bá jẹ́ káàdì gidi ló tà fún yín. Bó bá di dandan kí ẹ rà á lọ́wọ́ ọlọ́jà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ha ojú káàdì náà níwájú yín, kí ẹ fi fóònù yín tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkáǹtì kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì. Ẹ má gba nọ́ńbà tí ẹnìkan kọ sórí bébà.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù owó iná. N kò rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. PS5 máa ń jẹ nǹkan bí 200 wáàtì nígbà tí géèmù bá wà lórí rẹ̀. Ẹ fi tẹlifíṣọ̀n kún un, ẹ pè é ní 300. Wákàtí mẹ́ta kò tó yúníìtì kan. Lọ́dọ̀ Ikeja Electric, yúníìtì Band A ti wà ní nǹkan bí 209 náírà láti July 2024, èyí túmọ̀ sí pé alẹ́ kan kò ná yín ju igba náírà lọ. Ẹni tí kò sí ní Band A, tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbá géèmù, òun ló yẹ kó jókòó ṣírò epo rẹ̀. Dátà ló ń jẹ owó jù. Destiny 2 ju 100 GB lọ kí ẹ tó yìnbọn kan ṣoṣo, Call of Duty náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfikún tuntun kì í sì í wọlé láìsí dánlóòdù ńlá. Ní oṣù January 2025, ìjọba fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ẹni tó ń fi hotspot fóònù dánlóòdù, kó ṣírò dátà mọ́ owó àfikún, kó tó sọ pé òun mọ iye tó jẹ́.

Bí géèmù yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà, tí kì í ṣe ọ̀fẹ́, PlayStation kò ní jẹ́ kí ẹ bá ẹlòmíràn gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan PS Plus. Láti September 2023, ìpele tó rẹlẹ̀ jù ti di dọ́là 79.99 lọ́dún l'Amẹ́ríkà. Àwọn géèmù ọ̀fẹ́ bíi Destiny 2, Warzone àti Fortnite kò béèrè rẹ̀.

Ẹrù tí ẹ rà, tó lè pòórá

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà, torí pé òun ni kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà.

Àwọn tó ra Destiny 2 ní 2017 san ọgọ́ta dọ́là. Ìtàn ogun ńlá kan ló wà nínú rẹ̀, Red War. Ní December ọdún yẹn wọ́n ta àfikún àkọ́kọ́, Curse of Osiris; ní May 2018, Warmind. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù November 2020, tí àfikún mìíràn tó ń jẹ́ Beyond Light jáde, Bungie kó gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú géèmù. Odidi ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ti jagun lórí wọn, Mars, Io, Titan, Mercury, lọ pẹ̀lú wọn. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé géèmù ti tóbi jù, ó sì ti nira láti máa tún un ṣe. Forsaken, tí wọ́n ta ní ogójì dọ́là ní September 2018, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní èyí tó dára jù, ìtàn tirẹ̀ lọ ní ọjọ́ 22 oṣù February 2022. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo ayé gbá a lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù méjì ó lé kó tó lọ, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún òkú.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ gba ilé oníyàrá méjì l'Ọ̀gbà, ẹ san owó ọdún méjì pọ̀ fún onílé, ẹ san ti agent, ẹ san ti lọ́yà. Ní ọdún kejì, onílé wọlé, ó ní òun ti wó ilé ìdáná torí pé ilé ti ń wúwo jù, ṣùgbọ́n yàrá tuntun kan ń bẹ lókè tí ẹ lè san owó fún. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ l'Agége, wọn ò ní í sùn ládùúgbò yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú géèmù, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀: ìwé àdéhùn tí a tẹ "mo gbà" sí láìkà á ló sọ pé àṣẹ lílò ni wọ́n tà fún wa, wọn kò ta géèmù.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, Bungie kéde ní August 2022 pé àwọn kò ní yọ àfikún kúrò bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà, tí Sony ti rà ní 2022 ní owó bílíọ̀nù dọ́là 3.6, lé igba ó lé ogún òṣìṣẹ́ lọ ní ọjọ́ 31 oṣù July 2024, kò tíì pé oṣù méjì tí The Final Shape jáde. Kí ẹ tó ra àfikún géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bí ara ilé iṣẹ́ tó ni ín ṣe le sí. Sáfà owó ni, bí owó bá tán, wọ́n á pa á. Sony kan náà gbé géèmù oníbọn kan jáde, Concord, ní ọjọ́ 23 oṣù August 2024, ní ogójì dọ́là. Ní ọjọ́ 6 oṣù September, wọ́n ti pa á, wọ́n dá owó padà fún àwọn tó rà á. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ubisoft gbé XDefiant jáde ní May 2024, ó kú ní June 2025.

Irú àfikún kan wà tí n kì í bẹ̀rù rẹ̀. Borderlands 2 jáde ní 2012. Ẹ lè bá ọ̀rẹ́ mẹ́ta gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè dá a gbá láìsí nẹ́tíwọ̀kì rárá. Àwọn àfikún rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ àwọn tó rà wọ́n títí di òní. Ní June 2019, nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn tó jáde, wọ́n tún ṣe àfikún kan sí i, wọ́n sì fi ta gbogbo èèyàn lọ́rẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò lórí ojú ewé ọjà ni bóyá àfikún náà lè ṣiṣẹ́ bí mo bá yọ nẹ́tíwọ̀kì. Bó bá lè ṣiṣẹ́, mo lè san owó tó jọjú lé e. Bí kò bá lè ṣiṣẹ́, iye tí mo máa san kò gbọ́dọ̀ ju iye tí mo lè gbàgbé lọ.

Ẹ sì máa rántí pé ó ń rọ̀ wálẹ̀. Lightfall tí wọ́n ta ní àádọ́ta dọ́là ní February 2023, nígbà tó di May 2024, PS Plus fi í kún àwọn géèmù oṣù tí wọ́n ń fún àwọn tó ń san owó fún un. Kò ju oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ní December 2023, Epic Games Store kó àfikún Destiny 2 mẹ́ta, Shadowkeep, Beyond Light àti The Witch Queen, pọ̀, wọ́n fi ta àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà lọ́rẹ. Ẹni tó ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ tí wọ́n jáde ti ná ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ. Ẹni tó sùn, òun náà jí bá wọn.

Ní ti àwọn pápá ìjà tí mo ní kí ẹ má rà, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Láyé àtijọ́, Call of Duty máa ń ta pápá bíi mẹ́rin-mẹ́rin ní dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pín àwọn tó ń gbá géèmù sí méjì: àwọn tó rà àti àwọn tí kò rà, wọn kò sì lè pàdé. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tí àwọn tó wà lórí géèmù kan lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀, ẹni tó rà á á jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó rí ẹni bá jà, kó tó wá rí i pé ọmọ Brazil ni. Battlefield V fi àṣà náà sílẹ̀ ní 2018, Modern Warfare ti Call of Duty fi í sílẹ̀ ní 2019. Bí ẹ bá rí géèmù àtijọ́ tó ṣì ń tà wọ́n, ẹ kọjá.

Ilẹ̀ tí àkáǹtì yín ń gbé

Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí PlayStation Network ṣí sílẹ̀ fún. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àkáǹtì níbí, Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba tàbí ibòmíràn ló fi sí i. Ní May 2024, ọ̀rọ̀ yìí bú jáde lórí Helldivers 2, géèmù oníbọn tí Sony ń tà lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì PlayStation, ni wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà, ní orílẹ̀-èdè 177 tí kò sí àkáǹtì bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbá a kígbe, Sony yí àṣẹ náà padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ń gbé ibi tí wọn kò kà mọ́ ọjà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé wọn kò kà á mọ́ ọn.

Òfin tó yẹ kí ẹ há sórí kò ju pé kí mẹ́ta bára mu: sídì, àkáǹtì, àti gift card. Sídì Amẹ́ríkà máa ń ní lẹ́tà M dúdú lórí funfun, tí wọ́n kọ ESRB sí i. Ti Ìlú Ọba àti Yúróòpù ni PEGI tí mo rí lọ́wọ́ ọmọ oníbàtà. Àwọn páálí kan ní "ALL" lẹ́yìn, ọlọ́jà á sì fi ìka nà án sí yín pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Òótọ́ ló sọ nípa sídì. Irọ́ ni nípa àfikún. "ALL" kàn túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀rọ lè ka sídì náà ni. Bí ẹ bá ń lo géèmù tí ẹ dánlóòdù, tí kò ní sídì, ẹ̀yin ti bọ́ nínú èyí: àkáǹtì tí ẹ fi dánlóòdù ìyá ni kí ẹ fi ra ọmọ.

Ọ̀nà jíjìn tí ọta ìbọn ń rìn

Mo ti rí ẹni tó ra àfikún lówó gọbọi, tó sì ń kú kó tó rí ẹni tó pa á. Ó rò pé ọwọ́ òun ni kò yá. Ọ̀nà ló jìn. Ìmọ́lẹ̀ nínú wáyà fiber máa ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kéébù MainOne, tó ti ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Èkó láti Portugal láti 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Ẹ ṣírò àlọ àti àbọ̀: ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹnikẹ́ni tó fi ìdádúró kankan kún un. Ẹni tó ń gbé Lisbon ti yìnbọn, tó ti sá pamọ́, kí ọ̀rọ̀ tó dé Dọ̀pẹ̀mú. Kò sí owó tí ẹ lè san fún báńkì tàbí fún nẹ́tíwọ̀kì tó lè mú un rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí sáfà Yúróòpù. Starlink tó dé Nàìjíríà ní January 2023 náà kò sọ sáfà di ará Ìkẹjà.

Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé bí ẹ bá fẹ́ ra àfikún, ẹ ra èyí tí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín jọ ń bá ọ̀tá inú ẹ̀rọ jà. Ọ̀tá inú ẹ̀rọ lè fara da 120 lórí ping, ìyẹn òǹkà àlọ àti àbọ̀ yẹn. Ọmọ Lisbon kò ní fara dà á fún yín. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó: géèmù ìyá tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni kí ẹ gbá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní àkókò tí ẹ máa ń ráyè gan-an, lórí nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ máa lò gan-an. Nẹ́tíwọ̀kì aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ní Oríle Agége bá wà lórí fóònù, kì í ṣe ti aago márùn-ún ìdájí. Ọjọ́ mìíràn sì wà tí kò ní sí rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, kéébù mẹ́rin gé lábẹ́ òkun lápá Abidjan, MainOne wà lára wọn. Báńkì pàápàá dákẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ géèmù.

Àwọn tí ẹ máa bá gbá a

Mo fẹ́ràn apá yìí jù. Ní 2024, àwa mẹ́ta la jọ ń gbá Destiny 2: èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike lójú ọ̀nà Ọba Akran, àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé Ìjù. Iṣẹ́ ńlá inú Destiny, tí wọ́n ń pè ní raid, èèyàn mẹ́fà ló ń béèrè, wákàtí rẹ̀ sì lè jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dìde. Shift ọ̀rẹ́ mi ń yí: ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kan òru. Ẹ̀gbọ́n kò lè gbá géèmù lọ́jọ́ Sunday, ìyàwó rẹ̀ ti fòfin dè é. Nígbà tí a wá ṣírò rẹ̀, alẹ́ tí àwa mẹ́ta lè jọ jókòó, tí iná wà nílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ju mẹ́ta lọ lóṣù. Raid tí àwọn àfikún Destiny tìtorí ẹ̀ wọ́n, a ò débẹ̀ rí.

A ò ra The Final Shape lọ́jọ́ tó jáde. Ọ̀rẹ́ mi bínú fún ọjọ́ méjì, ó ní a ti dàgbà jù. Nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, a rà á, àwa mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, a sì gbádùn ìtàn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ sunkún ní ìparí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n má sọ ọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pe àwọn tí ẹ fẹ́ bá gbá a kí ẹ tó ra nǹkan kan. Bí wọn kò bá ní rà á, ẹ̀yin náà ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí shift yín bára mu, tí ẹ ti gbá ìyá géèmù fún oṣù mẹ́ta láì sú yín, tí owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ pẹ́. Ẹ má sanwó sílẹ̀ de ohun tí kò tíì jáde, ìbáà jẹ́ pé wọ́n máa fi aṣọ aláràbarà kan kún un. Ẹni tó ń gbá géèmù lórí ẹ̀rọ ilé géèmù, tó ń san owó wákàtí, kò gbọ́dọ̀ fi owó ara rẹ̀ ra àfikún sórí rẹ̀, torí àkáǹtì onílé géèmù ló máa wọ̀.

Àwọn tó ń lo fóònù, Call of Duty: Mobile tàbí Free Fire tàbí PUBG Mobile, kò sí àfikún irú èyí fún yín. Battle pass ni wọ́n ń tà fún yín, ó ń tán, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ padà. Orí tó ń bọ̀ ni mo fi í sí.

Ohun kan ló kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn. Lórí Steam, ẹ lè dá àfikún padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí ẹ kò bá tíì gbá ìyá géèmù tó wákàtí méjì láti ìgbà tí ẹ ti ra àfikún náà, tí ẹ kò sì tíì lò ó tán. PlayStation náà fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n bí dánlóòdù bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tọ́ yẹn ti lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sanwó, kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ lọ wo sídì lẹ́ẹ̀kan sí i, PEGI ni àbí ESRB, kí ẹ tó tẹ dánlóòdù.